Ti Àwọn Tí Kò Di Dókítà

Ní ọdọọdún, nígbà tí a bá kọ́kọ́ wọ inú kíláàsì àwọn ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yan ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, àṣà wa ni láti bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé, "Kí ni ìwọ fẹ́ dà?" Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni a fi kọ́ni ní ẹ̀kọ́ nípa àwọn ohun abẹ̀mí ní ilé-ìwé girama kan tí ìjọ dá sílẹ̀ ní ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, láti ọdún 1986 títí di ọdún 2019, ìdáhùn tí à ń gbọ́ kò sì yí padà, gẹ́gẹ́ bí ohùn aago ilé-ìsìn kì í ti í yí padà. "Dókítà ni, sà." Bí ọmọ mẹ́rìnlélógójì bá wà nínú kíláàsì, a ó rí dókítà bí méjìdínlógójì níbẹ̀, àwọn ìyókù yóò pín ara wọn sí nọ́ọ̀sì àti apòògùn. Inú wa a máa dùn, a ó sì ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ara wọn. A kò bi ara wa léèrè rí pé, bí gbogbo wọn bá di dókítà lóòótọ́, ta ni yóò ṣe oògùn tí wọn yóò máa kọ sínú ìwé fún aláìsàn, ta ni yóò sì wo ẹ̀jẹ̀ tí wọn yóò ní kí a lọ wò?

Ní ọdún 1998, ọmọkùnrin kan dìde ní ìjókòó ẹ̀yìn, ó ní, "Sà, ẹni tí ń wo ẹ̀jẹ̀ ni mo fẹ́ dà." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Bí a bá ní àwa kò bá wọn rẹ́rìn-ín, irọ́ ni a pa. A ní kí ó ṣàlàyé ara rẹ̀. Ó ní nígbà tí òun wà ní ọmọ bí ọdún méje, ibà mú òun, ìyá òun sì pọn òun lọ sí ọsibítù. Wọ́n gún òun ní ìka, wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ náà sí ara ègé gíláàsì pẹlẹbẹ kan, wọ́n sì gbé e wọlé lọ. Láti ojú fèrèsé ni òun ti rí ọkùnrin kan tí ó tẹ orí ba sórí ẹ̀rọ kan tí ó ń wò ó. Dókítà jáde kúrò ní yàrá tirẹ̀, ó wá dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó káwọ́ sẹ́yìn.

"Dókítà ń dúró dè é, sà," ni ọmọ náà wí. "Kò lè sọ ohunkóhun fún ìyá mi títí ẹni náà fi gbé orí sókè."

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó yẹ kí ó ti là wá lójú ní ọjọ́ náà, nítorí pé ọmọ ọdún méje ti rí ohun tí àwa kò rí. Ṣùgbọ́n ohun tí a wí ni pé, "Orí rẹ pé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Dókítà ni ìwọ yóò ṣe. Àwọn tí kò rí dókítà ṣe ni í lọ máa wo ẹ̀jẹ̀." Kíláàsì pàtẹ́wọ́. Ọmọ náà jókòó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, a dìde, a lọ bá ìyá rẹ̀, ẹlẹ́kọ ni, opó sì ni pẹ̀lú, a sọ fún un pé Ọlọ́run ti fún un ní dókítà nínú ilé. Obìnrin náà fi orúnkún kanlẹ̀, ó dúpẹ́ títí ojú fi tì wá.

Ó ṣe ìdánwò àṣewọlé yunifásítì, èyí tí a ń pè ní JAMB, ní ọdún 2000. Máàkì rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kò tó èyí tí a fi ń wọlé láti kọ́ ìṣègùn. A ní kí ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe ní ọdún 2001, ó sì tún un ṣe ní ọdún 2002. Ní ọdún 2002 yìí, yunifásítì kan fún un ní àyè láti wá kọ́ ẹ̀kọ́ nípa àwọn kòkòrò àìfojúrí. Ó mú ìwé náà tọ̀ wá wá pẹ̀lú ayọ̀. Àwa ni a sọ fún un pé kí ó kọ̀ ọ́. A ní ẹni tí ó bá ti gba kékeré, ńlá kò ní í wá a wá mọ́. Ó kọ̀ ọ́, ó sì tún ìdánwò ṣe ní ọdún 2003. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa já ewé eéran, láti máa sẹ́ ògì, àti láti máa wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ń wálé fún ìsinmi nínú aṣọ yunifásítì. Èésú tí ìyá rẹ̀ ń dá, orí owó ìdánwò ni ó ń parí sí.

Ní ọdún 2004, láì bi ẹnikẹ́ni, ó wọ pọlitẹ́kíníìkì láti kọ́ iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò. Ó kọ lẹ́tà sí wa, lẹ́tà kúkúrú tí ó kún fún ọ̀wọ̀, ó ní kí a má bínú. A bínú. A kò fèsì. A ń wí fún àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa pé ọmọ náà ti fi ara rẹ̀ ṣòfò.

Ẹ jẹ́ kí a sọ irú olùkọ́ tí a jẹ́ ní ìgbà náà, nítorí a mọ̀ pé a kò dá nìkan jẹ́ ẹ. Maikirosíkóòpù kan ṣoṣo ni ilé-ìwé wa ní. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni a tì í mọ́, kí àwọn ọmọ má ba à fọ́ ọ. A mọ amíbà yà sójú pátákó dáradára. A lè fi ẹfun yà á bí ẹni ń fọwọ́ kọ orúkọ ara rẹ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ ni ó ya amíbà tiwa yìí sínú ìwé ìdánwò WAEC, tí wọ́n sì yege, láì sí ẹyọ kan nínú wọn tí ó rí i rí. Ẹnìkan tilẹ̀ bi wá léèrè lẹ́yìn tí ó jáde ìwé mẹ́wàá bóyá amíbà tó àtàǹpàkò. A rò pé àwàdà ni ó ń ṣe. Kì í ṣe àwàdà.

Lẹ́tà kejì dé ní ọdún 2009. Bóyá àwọn mìíràn ti gbàgbé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìgbà náà. Ní òpin ọdún 2008, àwọn ọmọ ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí kú ní Nàìjíríà nítorí oògùn olómi kan tí àwọn ìyá ń fún wọn nígbà tí eyín bá ń hù. Kíndìnrín wọn dáwọ́ iṣẹ́ dúró, wọn kò lè tọ̀ mọ́. Ó ju ọgọ́rin ọmọ lọ tí ó kú. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Omi dídùn kan wà tí àwọn tí ń ṣe oògùn fi ń yọ́ èròjà, orúkọ rẹ̀ ni propylene glycol. Òmíràn sì wà tí a ń lò ní ilé-iṣẹ́ fún ohun tí kì í ṣe jíjẹ tàbí mímu, òun ni diethylene glycol, májèlé ni. Àwọn méjèèjì mọ́ gaara, àwọn méjèèjì dùn, wọn kò sì ní òórùn tí a lè fi mọ̀ wọ́n. Èkejì ni ó bá oògùn ọmọ wọlé. Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Ní ọdún 1937, ohun kan náà pa ènìyàn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ní Amẹ́ríkà, ikú wọn sì ni ó mú kí wọ́n ṣe òfin tuntun lórí oògùn ní ọdún 1938. Ní ọdún 1990, ọmọ 47 ni ó kú ikú yìí ní Jos.

Ọmọ wa ti ṣe ọdún kan ìkọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ oògùn nígbà náà, ó mọ bí a ti ń dán àgbá èròjà wò kí a tó ṣí i fún ìlò. Ohun tí ó kọ sí wa nìyí, a sì ń pa lẹ́tà náà mọ́ títí di òní: "Sà, àgbá méjì lè jọra bí ìbejì, kí ọ̀kan gbani là, kí èkejì pani. Ẹni tí yóò mọ̀ wọ́n yàtọ̀ kì í ṣe dókítà. Nígbà tí ọmọ bá fi dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó ti pẹ́ jù."

A ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀kan, a sì fi í sí abẹ́ ìrọ̀rí. Ní ọjọ́ kẹta a fèsì. Àwa tí a kò fèsì ti àkọ́kọ́ fún ọdún márùn-ún, a kọ ojú ìwé mẹ́fà.

Láti ìgbà náà ni a ti gbé maikirosíkóòpù jáde kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Aláǹtakùn ti ta okùn sí i, dígí tí ń gba ìmọ́lẹ̀ sì ti là. A fi dígí ìwojú obìnrin rọ́pò rẹ̀, a lọ bu omi nínú ọ̀gọ̀dọ̀ tí ó wà lẹ́yìn ilé-ìwé, a sì ní kí àwọn ọmọ tò wá wò ó. Ọmọbìnrin kan wo inú rẹ̀, ó kígbe, ó sì sáré jáde. Ó padà wá, ó tún wò ó, kò fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́; àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ó fà á kúrò.

A bẹ̀rẹ̀ sí sọ ìtàn Yábà fún wọn pẹ̀lú, nítorí ìtàn náà kì í ṣe ti ilẹ̀ òkèèrè. Ní ọdún 1925, ilé ìtọrẹ Rockefeller ti Amẹ́ríkà rán àwọn olùwádìí wá sí Yábà ní Èkó láti mọ ohun tí ń fa ibà pọ́njúpọ́ntọ̀. Ní ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù kẹfà ọdún 1927, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n kan tí ń jẹ́ Asibi, ní ilẹ̀ tí í ṣe Gánà lónìí, wọ́n sì gún ọ̀bọ kan tí a kó wá láti Íńdíà pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ náà. Ọ̀bọ kó àrùn náà. Asibi ní tirẹ̀ yè. Nípa bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ pé kòkòrò tí maikirosíkóòpù wọn kò lè fi hàn ni ó ń fà á. Láti ara ẹ̀jẹ̀ Asibi yìí ni Max Theiler ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a ń pè ní 17D ní ọdún 1937, tí ó sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní ọdún 1951. Òun náà ni a ṣì ń gún fún àwọn ọmọ wa. Adrian Stokes, dókítà ará Áílándì tí ó wà nínú wọn, kó àrùn náà lẹ́nu iṣẹ́. Lórí ibùsùn ni ó ti ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀fọn jẹ òun, kí wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ òun fún ọ̀bọ, kí ìwádìí má ba à dúró. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1927.

Bí a bá sọ ọ́ dé ibẹ̀, kíláàsì a pa rọ́rọ́. Ìgbà náà ni a ó bi wọ́n pé: ta ni ó ń sin àwọn ẹ̀fọn náà? Ta ni ó ń fọ ilé àwọn ọ̀bọ, tí ó ń gbá wọn mú nígbà tí a bá fẹ́ gún wọn? Ta ni ó ń fọ ìgò tí a ń fa ẹ̀jẹ̀ sí? Àwọn ìwé tí a fi ń kọ́ni kò dárúkọ wọn. Ṣùgbọ́n bí ìgò kan kò bá mọ́, Nobel kò sí.

Ní Yábà náà ni ìjọba Nàìjíríà ti ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ṣọ̀pọ̀ná, fún ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ àti fún àrùn tí ajá dìgbòlugi ń fà, títí di ọdún 1991 tí iṣẹ́ dúró níbẹ̀. Àtúnṣe ni wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe. Ní oṣù kejì ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé dárúkọ Nàìjíríà mọ́ orílẹ̀-èdè mẹ́fà ní Áfíríkà tí a ó kọ́ ní ọgbọ́n ṣíṣe abẹ́rẹ́ irú ti mRNA. Ẹni tí ó wà ní ọmọ ogún ọdún ní Yábà ní ọdún 1991 ti pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ní ọdún 2022. Ẹ̀rọ ṣeé rà, ilé ṣeé kọ́. Ọgbọ́n tí ó wà ní ọwọ́ àgbàlagbà, tí kò sí ọmọ-iṣẹ́ tí ó jókòó tì í láti gbà á, níbo ni a ó ti rà á?

Kí àwọn ọmọ má ba à rò pé àtijọ́ nìkan ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà, a ó tún mú wọn wá sí Ẹdẹ, tí kò jìnnà sí wa. Ní ogúnjọ́ oṣù keje ọdún 2014, ọkùnrin kan gbé àrùn Ẹ̀bólà wọ Èkó láti Làìbéríà nínú ọkọ̀ òfuurufú. Gbogbo wa ni a mọ Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, tí kò gbà kí aláìsàn náà jáde, tí àrùn náà sì pa á ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹjọ. Ó yẹ kí a mọ̀ ọ́n, kí a má sì gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfura kò tíì jẹ́ ìmọ̀. Àwọn tí ó wà ní yàrá àyẹ̀wò ní Ìdí-Àràbà ní Èkó, àti àwọn tí ń bá Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Redeemer's, ni ó sọ ìfura di òtítọ́. Ogún ènìyàn ni ó kó o, mẹ́jọ kú, nígbà tí ó sì di ogúnjọ́ oṣù kẹwàá, a kéde pé àrùn náà ti kúrò ní Nàìjíríà. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, Ẹdẹ náà ni a ti kọ́kọ́ ka àbùdá kòkòrò àrùn Kòrónà ní gbogbo Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní irú ibẹ̀ ni kò dàgbà ju àwọn tí a kọ́ ní ilé-ìwé wa lọ.

Ní ọdún 2016 ni ọmọ náà mú wa lọ wo ibi iṣẹ́ rẹ̀, ilé-iṣẹ́ oògùn kan ní apá Ọ̀tà. Ní ojú ọ̀nà ni ó ti sọ ìtàn ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ fún wa. Pọlitẹ́kíníìkì a máa fún ni ní ọdún méjì, lẹ́yìn náà a ó jáde lọ kọ́ṣẹ́ fún ọdún kan, a ó tún padà fún ọdún méjì. Láti ọdún 1973 ni Àjọ Ìkọ́ṣẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ sì ti ń ṣètò kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè rí ilé-iṣẹ́ gbà wọ́n. Lórí ìwé, ó rọrùn. Ilé-iṣẹ́ mẹ́tàdínlógún ni ó gbé lẹ́tà rẹ̀ kiri lẹ́sẹ̀ ní Ìkẹjà àti Ìsọlọ̀. Àwọn kan ní àyè kò sí. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kan kò tilẹ̀ jẹ́ kí ó wọlé. Èyí tí ó gbà á fi í sí ìdí ìgò fífọ̀, oṣù mẹ́rin gbáko ni ó sì fi ń fọ ìgò. Ó ní ojú ti òun dé ibi pé òun kò sọ fún ìyá òun. Ní ọjọ́ kan, àgbàlagbà kan tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà gbé ìgò kan tí ó fọ̀ sókè sí ìmọ́lẹ̀. Omi kò tẹ́ pẹrẹsẹ ní ara ìgò náà. Ó ṣù jọ ní ìkán-ìkán. Ó ní, "Ọ̀rá wà lára rẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni bá fi ìgò yìí wọ̀n lónìí, irọ́ ni." Láti ọjọ́ náà ni ó ti mọ̀ pé iṣẹ́ gan-an ni òun ń kọ́. Àwa rántí àwọn ọmọ-iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ tí ń fín ẹwìrì fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ọ̀gá tó gbé òòlù lé wọn lọ́wọ́.

Wọ́n fi aṣọ funfun wọ̀ wá, wọ́n fi fìlà dé wa lórí, wọ́n fi ọ̀rá bo bàtà wa, wọ́n ní kí a fọwọ́ bí ẹni tí ó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ. A rí òṣùwọ̀n tí a tì mọ́ inú ilé gíláàsì, kí èémí ẹni má ba à tì í. A rí agolo gíláàsì mẹ́fà tí ó wà nínú omi gbígbóná tí ìwọ̀n ooru rẹ̀ jẹ́ 37, bí ti ara ènìyàn. Hóró oògùn kọ̀ọ̀kan ń yọ́ nínú wọn, wọ́n sì ń bu omi inú wọn wò láti mọ ìwọ̀n tí ó ti yọ́ ní àkókò tí a yàn. Oògùn tí kò bá yọ́, ó ní, òkúta ni aláìsàn gbé mì. A rí ibi tí a ti ń fi oògùn abẹ́rẹ́ sínú oúnjẹ kòkòrò fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, kí a tó lè sọ pé ohun abẹ̀mí kankan kò sí nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwé wọn ni ó wú wa lórí jùlọ. Tàdáwà ni wọ́n fi ń kọ ohun gbogbo. Bí ẹnìkan bá ṣi nọ́ńbà kọ, kò gbọdọ̀ pa á rẹ́. Yóò fa ìlà kan ṣoṣo lé e, kí a ṣì lè rí àṣìṣe náà, yóò kọ èyí tí ó tọ́ sí ẹ̀gbẹ́, yóò sì fọwọ́ sí i pẹ̀lú ọjọ́ oṣù. Ohun tí a kò bá kọ, wọn kà á sí ohun tí a kò ṣe. Àwa tí a ti fi ọdún púpọ̀ na àwọn ọmọ nítorí pé ìwé wọn kò mọ́, tí a sì kọ́ wọn láti fi rọ́bà pa gbogbo àṣìṣe rẹ́ kí olùbẹ̀wò má ba à rí i, a dúró níwájú ìwé náà pẹ́.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀nà náà tẹ́jú. Nígbà kan, ní ibi iṣẹ́ tí ó ti kọ́kọ́ ṣe, ó kọ̀ láti fọwọ́ sí àgbá èròjà kan, nítorí àyẹ̀wò kò bá ohun tí ó wà lára ìwé rẹ̀ mu. Àwọn tí ó ń fẹ́ kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́ bínú sí i. Wọ́n ní ta ni òun, oníwèé-ẹ̀rí pọlitẹ́kíníìkì. Wọ́n dá àgbá náà padà ní ìkẹyìn. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, wọ́n gbé ẹni tí ó kọ́ níṣẹ́ fúnra rẹ̀ lé e lórí, nítorí pé ìwé-ẹ̀rí ti yunifásítì ni ẹni náà ní. Ìyàtọ̀ yìí láàárín ìwé-ẹ̀rí méjèèjì ti já ọ̀pọ̀ ọmọ rere ní ìtànjẹ, àwa olùkọ́ ni a sì ń bá wọn gbin ín, nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ pọlitẹ́kíníìkì bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ilé aláìríṣe. Ó padà lọ kàwé sí i ní alẹ́ àti ní òpin ọ̀sẹ̀, owó ara rẹ̀ ni ó sì ná. Ní ọdún 2023, nígbà tí ilé-iṣẹ́ oògùn ńlá kan láti òkèèrè kéde pé òun ń kó kúrò ní Nàìjíríà, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì pàdánù iṣẹ́. Ọ̀kan ti wà ní Kánádà. A kò dá a lẹ́bi. Ó kàn ń dùn wá ni pé ẹni tí ó mọ bí a ti ń gbé ìgò sókè sí ìmọ́lẹ̀ ti dín kan.

Ní ọdún tí a fẹ̀yìntì, a yà sí ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó ti darúgbó, ṣùgbọ́n ó ṣì ń wé ẹ̀kọ díẹ̀díẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ má ba à dilẹ̀. Gbogbo àdúgbò ni ó ti sọ fún pé dókítà ni ọmọ òun, nítorí àwa ni a fi ọ̀rọ̀ náà sí i lẹ́nu, kò sì sí ẹni tí ó tíì gbà á kúrò níbẹ̀. Ó fún wa ní àga, ó wò wá, ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú. Kí ni iṣẹ́ tí ọmọ yìí ń ṣe gan-an? Ó ti ṣàlàyé títí, kò yé mi."

A rò ó díẹ̀. A ní, "Ìyá, bí ẹ bá sẹ́ ògì tán, kí ni ẹ máa ń ṣe kí ẹ tó gbé e ka iná?"

Ó ní òun a máa fi ìka méjì ra díẹ̀ nínú rẹ̀ wò bóyá èèrí ṣì wà níbẹ̀. Òun a fi kan ahọ́n bóyá ó ti kan jù. Bí kò bá dára, òun a dà á nù, nítorí pé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ni yóò mu ún.

"Ohun tí ọmọ yín ń ṣe sí oògùn nìyẹn," ni a wí fún un.

Ó dákẹ́. Ó ṣí ewé kan, ó dì í, ó gbé e lé orí àwọn ìyókù. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Ohun tí ẹ ní kí ó má ṣe náà nìyẹn, Tíṣà?"

A kò rí èsì fún un. Ó ka ẹ̀kọ mẹ́wàá sínú abọ́ fún wa, ó kọ̀ láti gba owó rẹ̀, a sì mú ọ̀nà ilé pọ̀n.